Àna mi Alhaji ló ní kí n wá sinmi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí tí ẹ ò jẹ́ kó kú mọ́ wa lọ́wọ́. Èmi kì í kọ lẹ́tà sí oníwèé ìròyìn, kíkà ni tèmi, àní ẹ̀dà tí mo ń kà gan-an ti akápò ìjọ wa ni, ó máa ń kà á tán pátápátá kó tó gbé e fún mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé tí ẹ bá máa tẹ lẹ́tà yìí, ẹ dákun ẹ má fi orúkọ mi sí i, ẹ kàn kọ ọ́ pé pásítọ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí akápò ló máa kọ́kọ́ rí i kí n tó rí i.

Ohun tó gbé mi dìde ni lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, tó ní àwọn pásítọ̀ ayé ìsinyìí ti ya òyìnbó, wọ́n ń lọ fakéṣọ̀n, pé àwọn bàbá ìgbàgbọ́ àtijọ́ ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ ìsinmi. Mi ò bínú sí ẹni tó kọ ọ́. Ká ní ọdún tó kọjá ni, èmi gan-an ni màá kọ́kọ́ ṣe àmín. Àmọ́ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀yọ́ dé ni, Fráídè, Sátidé, Sọ́ńdè ni mo lò níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò wàásù, mi ò darí àdúrà, mi ò gbọ́wọ́ lé ẹnikẹ́ni lórí, mo sì rí nǹkan tí mi ò lè pa mọ́ sínú.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀sẹ̀ mi ṣe máa ń rí. Lórí ìwé, Mọ́ńdè ni ọjọ́ ìsinmi mi. Lórí ìwé ni mo wí o. Mọ́ńdè yẹn náà ni ẹni tí òun àti ìyàwó ẹ̀ jà mọ́jú máa ń rántí pé pásítọ̀ wà nílé, Mọ́ńdè yẹn náà ni wọ́n ń fi mítìn kékeré sí, wọ́n á ní kò lè ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, èèyàn á débẹ̀ aago mẹ́rin, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló máa kúrò. Ẹ̀kọ́ Bíbélì ń bẹ, ìpàdé àdúrà ń bẹ, kwáyà ń jà ẹ wá bá wọn parí ẹ̀, àìsùn Fráídè, ìsìnkú Sátidé, ìgbéyàwó Sátidé, kí wọ́n tó kó yẹ̀pẹ̀ bo òkú tán fóònù ti ń dún pé ìyàwó ti dé sọ́ọ̀ṣì o, aṣọ tí mo fi sin òkú ni mo máa fi so tọkọtaya pọ̀. Mo máa ń fi ṣe fáàrí tẹ́lẹ̀. Tẹ́nì kan bá bi mí pé pásítọ̀ báwo ni, màá ní "à ń sáré ni o", inú mi á sì máa dùn pé à ń sáré.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa yìí náà ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ pásítọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta. 1855 ni Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ti gbé ìhìnrere dé ìlú yìí, 1898 ni wọ́n dá sẹ́mínárì àwa Onítẹ̀bọmi tó wà níbí sílẹ̀, ọsibítù tí wọ́n ń fi orúkọ Bowen pè lónìí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 1907, àní Ṣọ̀ún tó wà lórí oyè báyìí, Ọba Ghandi Afọlábí Ọláoyè, iṣẹ́ pásítọ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó gorí àpèrè ní 2023. Kábíyèsí ṣá ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu géètì ààfin, kò sẹ́ni tó máa lọ kanlẹ̀kùn níbẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́ pé òun lá àlá burúkú. Géètì tèmi ò ní kọ́kọ́rọ́.

Bí ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ ṣe wáyé nìyí. Alhaji ni bàbá ìyàwó mi, ọmọ Ọ̀yọ́ Aláàfin, afíngbá ni wọ́n láti kékeré, igbá náà ni wọ́n fi rán ìyàwó mi lọ sílé ìwé. Ilé ìwé yẹn ló ti gba Jésù, tó ń kọrin nínú kwáyà àwọn ọmọ iléèwé, èmi náà wà ní sẹ́mínárì nígbà náà, bí a ṣe pàdé ìtàn ọjọ́ mìíràn ni. Alhaji ò jà, wọn ò sì fò fún ayọ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, wọn ò wọ sọ́ọ̀ṣì, wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níta títí a fi jáde, wọ́n wá gbàdúrà fún wa níbẹ̀, lábẹ́ igi. Láti ọjọ́ náà wọn ò pè mí ní orúkọ rí, Pásítọ̀ ni wọ́n ń pè mí, "ẹ" ni wọ́n sì ń bá mi sọ.

Oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n wá tọ́jú ojú wọn lọ́dọ̀ wa níbí, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò nílé wa. Nínú ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí wọn, ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ pé ẹ káàbọ̀ bàbá, àti ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ pé ó dàbọ̀ bàbá. Èmi rò pé kò sí wàhálà. Ohun tí wọ́n fojú rí nínú ilé mi láàárín ọjọ́ yẹn, wọn ò sọ ọ́, wọ́n kàn gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ìgbà tó yá ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ kó ọmọ mi àtàwọn ọmọ yín wá sọ́dọ̀ mi ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ lò ó di Àìkú." Mo ní bàbá, iṣẹ́ pọ̀, ẹ jẹ́ n bi àwọn díákónì. Wọ́n ní, "Àwọn díákónì kọ́ ló bí i."

Ẹ ò rí ọ̀rọ̀.

Mo gbé e dé iwájú àwọn díákónì ṣá. Mo rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá la máa fi yanjú ẹ̀, wákàtí méjì gbáko ni. Ẹnì kan bi mí pé tẹ́nì kan bá kú ńkọ́? Mo ní tó bá ti kú, kò kánjú mọ́ nìyẹn, ó máa dúró dè mí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíì ní nílé Alhaji kẹ̀, ṣé màá ráyè gbàdúrà níbẹ̀, ẹran tí wọ́n bá pa ńkọ́. Ìyẹn dùn mí, kì í ṣe torí tèmi, torí ìyàwó mi ni, ó wà ní yàrá kejì, ó sì ń gbọ́. Ilé wo ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀yọ́ tí Alhaji àti Díákónì ò jọ sí lábẹ́ òrùlé kan náà? Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn, tí Iléyá bá dé, bàbá yìí ló máa ń kọ́kọ́ débi ẹran. (Ó tán, wọ́n ti mọ ẹni tó kọ lẹ́tà yìí.) Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín wọ́n ní kí n máa lọ, ṣùgbọ́n kí n má pa fóònù.

Fráídè la gbéra. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ò ju nǹkan bíi àádọ́ta kìlómítà lọ, àmọ́ gbogbo ẹni tó bá ń gba ọ̀nà àtijọ́ yẹn mọ̀ pé kì í ṣe kìlómítà là ń kà níbẹ̀, tírélà là ń kà. Àwọn ọmọ kà á lóòótọ́ o, wọ́n ka mẹ́tàlélọ́gọ́rin kí oorun tó gbé wọn lọ. A yà ní Odò-Ọbà torí àbíkẹ́yìn fẹ́ tọ̀. Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún lẹ́ẹ̀kẹta, ìyàwó mi na ọwọ́, mo fi lé e lọ́wọ́, mo rò pé ó fẹ́ bá mi dá wọn lóhùn ni, ó ṣí kúlà tí a fi gbé omi, ó jù ú sínú ibi tó gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì, ó dé e. Kò sọ̀rọ̀, èmi náà ò sọ̀rọ̀.

A dé Ọ̀yọ́, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Alhaji ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jímọ̀ dé ni, Ìyá sì ti ro àmàlà sílẹ̀, gbẹ̀gìrì pẹ̀lú ewédú. Mo jẹun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ààwẹ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ mo ti sùn. Mi ò rántí ìgbà tí mo sùn ní aago mẹ́jọ kẹ́yìn, àfi nígbà tí mo ní ibà.

Nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ni mo gbọ́ ìró búta. Alhaji ń ṣe àlùwàlá. Èmi náà dìde fún ìfọkànsìn tèmi, mo gbé Bíbélì mi bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, iná ò sí, mo wá jókòó sórí àga onígi nínú òkùnkùn, Bíbélì wà lórí itan mi, mi ò lè ṣí i. Wọ́n kọjá lára mi lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n kírun àsùbáà, wọ́n dé, ibi tí wọ́n fi mí sí náà ni wọ́n bá mi. Wọ́n jókòó tì mí. A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, adìyẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ní, "Pásítọ̀, ẹ jẹ́ n sọ eré kan tí àwọn ọmọ yín ń ṣe fún yín."

Wọ́n ní lọ́jọ́ kejì tí àwọn dé ilé wa, àwọn ọmọ ń ṣeré mọ́mì àti dádì ní pálọ̀. Àkọ́bí ń ṣe Mọ́mì, ó ń fi agolo mílíìkì dáná. Ìkejì ń ṣe ọmọ. Àbíkẹ́yìn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, òun ni Dádì. Ó fi Bíbélì sí abẹ́ abíyá, ó fi rìmóótù tẹlifíṣọ̀n sétí bíi fóònù, ó ní "mò ń bọ̀ o, ẹ ti máa sùn", ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé. Alhaji ní àwọn ń retí kó wọlé padà kí eré lè máa lọ, àwọn tó kù sì ń bá eré wọn lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tó pẹ́, wọ́n yọjú wo ẹ̀yìn ilé. Ọmọ náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń fi igi ya ilẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò wọlé. Ó ní, "Bàbá Ọ̀yọ́, èmi mà ni Dádì."

Mi ò lè dáhùn. Ẹni tó bá ti ṣe Dádì nínú eré ilé mi, ìta ló ń lọ dúró sí, gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ nínú eré náà nìyẹn. Alhaji ò fi ṣe ẹjọ́ o, bí wọ́n ṣe máa ń sọ iye tí wọ́n ra igbá ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n wá fi kún un pé, "Iṣẹ́ tí ẹ gbé dání yẹn, ẹ̀yin nìkan ò lè dá a ṣe. Á rẹ̀ yín, á sì rẹ àwọn tó wà lọ́dọ̀ yín." Wọ́n dìde, wọ́n lọ da àgbàdo fún adìyẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Bíbélì, ẹ ti mọ ibi tí ọkàn mi lọ. Ọ̀rọ̀ tí Jẹ́tírò bá Mósè sọ nínú Ẹ́kísódù 18 nìyẹn, Alhaji ò sì ka Ẹ́kísódù rí láyé wọn. Jẹ́tírò náà kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì, àlùfáà Mídíánì ni, àna Mósè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣí i. Mo ti wàásù lórí orí yẹn ju ìgbà mẹ́wàá lọ, níbi ìfinijoyè díákónì, níbi sẹ́mínà àwọn olórí ẹgbẹ́, ibi tí gbogbo wa sì máa ń lọ tààrà ni ìdí bí Mósè ṣe yan àwọn olórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àràádọ́ta àti mẹ́wàá-mẹ́wàá. Mi ò dúró rí níbi ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kí ni Jẹ́tírò tiẹ̀ wá ṣe nínú aginjù? Ìyàwó Mósè ló mú wá! Sípórà, àtàwọn ọmọ méjèèjì, Gẹ́ṣómù àti Elíésérì, Mósè ti dá wọn padà sílé bàbá wọn. Ẹ wá wo ẹsẹ keje. Mósè jáde lọ pàdé àna ẹ̀, ó tẹríba, ó fẹnu kò ó lẹ́nu, wọ́n béèrè àlàáfíà ara wọn, wọ́n wọ inú àgọ́, Mósè wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn iṣẹ́. Bí Fáráò ṣe rí, bí ọ̀nà ṣe rí. Sípórà ńkọ́? Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ nípa ohun tó sọ fún ìyàwó ẹ̀. Bóyá ó sọ ọ́, Bíbélì ò kàn kọ ọ́ ni. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti wà lórí ìjókòó ẹjọ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Jẹ́tírò gbé ìyàwó àtọmọ wá láti ọ̀nà jíjìn, ọkọ gba mítìn lọ.

Mo pa Bíbélì dé, ojú ń tì mí bí ẹni pé èmi ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Sátidé yẹn ò ní ìtàn ńlá. A lọ sí ọjà Akẹ̀sán nítòsí ààfin, ìyàwó mi ń nájà, ó ń fi èdè Ọ̀yọ́ tó ti sọnù lẹ́nu ẹ̀ bá àwọn ìyá ọlọ́jà ṣàwàdà, mo kàn ń gbé báàgì tẹ̀lé e. Alhaji mú àwọn ọmọ dé iwájú ààfin, wọ́n ń sọ fún wọn pé Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń wò yìí kọ́ ni Ọ̀yọ́ àkọ́kọ́, pé Ọ̀yọ́-Ilé ló tú kí Aláàfin Àtìbà tó wá sọ Àgọ́-Ọ̀jà di Ọ̀yọ́. Àkọ́bí mi ní ṣé àwọn èèyàn ìgbà yẹn sinmi lójú ọ̀nà. Alhaji ní ogun ló ń lé wọn, ọmọ mi ní kí ló wá ń lé Dádì? Mo díbọ́n bí ẹni tí ò gbọ́.

Lọ́sàn-án, wọ́n kó igbá jáde. Ojú Alhaji ò dá tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn mọ ọ̀nà, wọ́n gbé igbá lé itan, ọwọ́ òsì ń yí i, ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀bẹ kékeré yẹn mú, ọnà kàn ń jáde. Wọ́n fún àbíkẹ́yìn ní àjákù igbá àti ìṣó kó máa fi họ ọ́. Ó ju wákàtí méjì tí ọmọ yẹn fi jókòó, òun tí ìyá ẹ̀ ní ara ẹ̀ kì í balẹ̀. Èmi náà jókòó. Mo ṣáà ń na ọwọ́ sápò, fóònù ò sí níbẹ̀. Ìyàwó mi rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Alhaji tó tẹjú mọ́ igbá tí wọn ò wo ẹnikẹ́ni ní, "Bí onígbá bá ṣe pe igbá ẹ̀ náà la ṣe ń bá a pè é." Mo mọ ìyókù òwe náà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, tó bá pe tiẹ̀ ní àkúfọ́, ilẹ̀ ni wọ́n máa bá a fi kó. Ọdún mélòó ni mo ti ń dúró lórí pẹpẹ sọ pé "ìyàwó mi á yé e, àwọn ọmọ á yé wọn"? Ìjọ náà wá gbà pé ó gbọ́dọ̀ yé wọn. Kò sí ọmọ ìjọ tó ń fi ìyà jẹ ilé mi, èmi ni mo kọ́kọ́ pè wọ́n ní ohun tó lè dúró níta.

Sọ́ńdè la wá lọ sí sọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kékeré kan tí ò jìnnà sílé. Mo bẹ ìyàwó mi pé ká jókòó sẹ́yìn, ká má sọ ẹni tí a jẹ́, torí tí wọ́n bá mọ̀ wọ́n á ní kí n wá kí ìjọ, ìkíni á sì di ìwàásù. Pásítọ̀ ibẹ̀ ò tíì dàgbà, ó sì ṣi ẹsẹ Bíbélì kan túmọ̀, ara ń yún mi, mo ti fẹ́ mú bírò jáde. Ẹ wo irú ọkàn tí mo gbé wọ ilé Ọlọ́run, bíi ti ìsípẹ́kítọ̀ iléèwé. Àbíkẹ́yìn ló gbà mí lọ́wọ́ ara mi, ó sùn lọ sórí itan mi, itọ́ ẹ̀ ń ṣàn sí bùbá mi, ọwọ́ mi méjèèjì dí, mi ò lè kọ nǹkan kan. Mo wá ṣàkíyèsí pé ọmọ náà wúwo. Mi ò mọ ìgbà tó wúwo tó báyẹn.

Wọ́n wá dá orin, a dìde, èmi gbé ọmọ dání, ni mo bá ń gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kì í ṣe ohùn orin tí gbogbo wa ń kọ, ó wà lábẹ́ ẹ̀, ó ń gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ, ó ń padà wá pàdé wa. Mo yíjú. Ìyàwó mi ni. Álítò ló ń kọ. Ọdún 15 tí a ti fẹ́ra, mi ò mọ̀ pé ìyàwó mi ṣì ń kọ álítò! Mo mọ̀ pé ó wà nínú kwáyà nígbà tó wà nílé ìwé, àmọ́ lójoojúmọ́ ayé wa, orí pẹpẹ ni èmi ń wà, òun wà ní ìjókòó Màmá Ìjọ níwájú, kíbọ́ọ̀dù ń ké, ìlù ń dún, máìkì wà lẹ́nu mi, ohùn ara mi ni mò ń gbọ́. Mo bi í lẹ́yìn ìsìn pé ìgbà wo ló ti ń kọ ọ́. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, Sọ́ńdè gbogbo ni."

Tí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí mo rí gbà nínú ìgbàgbọ́ ní wíkẹ́ńdì yẹn, ìyẹn náà ni. Mi ò rí ìran, mi ò gbọ́ ohùn láti ọ̀run. Ohùn ìyàwó mi ni mo gbọ́.

A padà dé Ògbómọ̀ṣọ́ nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, mo ṣí kúlà, mo rí i pé wọ́n pe fóònù mi nígbà mẹ́tàdínlógójì. Ọkàn mi já. Wọ́n ti gbé màmá àgbà kan nínú ìjọ wa lọ sí ọsibítù láàárọ̀ Sátidé. Ilẹ̀ ò mọ́ bọ̀rọ̀ fún mi, Mọ́ńdè mo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mò ń bẹ̀bẹ̀. Màmá ní kí ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, pé àwọn díákónì wá, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ gbé ọbẹ̀ wá, wọ́n gbàdúrà, pé àdúrà díákónì yẹn tiẹ̀ gùn díẹ̀ o àmọ́ Ọlọ́run gbọ́ ọ. Wọ́n wá bi mí pé, "Ìyàwó wa ńkọ́, ṣó sinmi?" Nínú gbogbo ìjọ, màmá tó dùbúlẹ̀ àìsàn yẹn nìkan ló béèrè.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí mi ò sí nílé, akọ̀wé dìde, ó ní kí wọ́n máa fi àdúrà ti pásítọ̀ lẹ́yìn, pé pásítọ̀ lọ sí ìrìn àjò ìhìnrere. Ojú tì í láti sọ pé mo lọ sinmi. Ìrìn àjò ìhìnrere wo, níbi àmàlà? Mo ní láti dìde ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e kí n sọ pé mi ò wàásù fún ẹnikẹ́ni ní Ọ̀yọ́, wọ́n tiẹ̀ wàásù fún mi ni. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan fajú ro.

Ní ti ẹni tó kọ lẹ́tà pé àwọn bàbá àtijọ́ ò sinmi, mo fẹ́ kó lọ wo ìtàn Bowen dáadáa. 1855 ló dé Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tó máa fi di 1856 ara ẹ̀ ò gbà á mọ́, ó padà sí Amẹ́ríkà. Ó gbé ìwé gírámà àti díṣọ́nárì Yorùbá jáde ní 1858, iṣẹ́ takuntakun ni, ṣùgbọ́n ara àti ọpọlọ ẹ̀ ò padà bọ̀ sípò, ó sì wà nínú ìdààmú yẹn títí ó fi kú ní 1875 nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Georgia. A ń fi orúkọ ẹ̀ pe ọsibítù, a ń fi pe yunifásítì, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. Àmọ́ ká má fi ìparí ayé ẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe fún ẹnikẹ́ni. Jésù fúnra ẹ̀ ní káwọn ọmọ ẹ̀yìn wá sí ibi tó dákẹ́ kí wọ́n sinmi díẹ̀, nínú Máàkù orí kẹfà, wọn ò tíì rójú jẹun nítorí èrò. Lóòótọ́ èrò fi ẹsẹ̀ sáré débẹ̀ ṣáájú wọn. Nígbà yẹn kò sí fóònù.

Ohun tí mò ń bẹ àwọn ìjọ fún, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí àti Ọ̀yọ́, ò pọ̀. Wíkẹ́ńdì kan láàárín oṣù mẹ́ta. Kì í ṣe ilé ìtura olówó ńlá ni mo ń sọ, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta epo mọ́tò látìgbà tí ìrànwọ́ ìjọba ti kúrò lórí ẹ̀ ní 2023, owó mọ́tò sí ilé àna gan-an kì í ṣe kékeré. Ẹ kàn jẹ́ kí pásítọ̀ yín lọ, kí ẹ sọ fún ìjọ pé ìsinmi ló lọ. Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi náà, ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́wọ́ lé wa lórí, wọ́n ka Tímótì kìíní orí kẹta sí wa létí, pé ẹni tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilé ara ẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ tọ́jú ìjọ Ọlọ́run. Gbogbo wa la dáhùn níjọ́ náà. Ẹ dán an wò kí ẹ bi àwọn ọmọ yín bí wọ́n ṣe ń ṣe Dádì nínú eré.

Alhaji tún pè mí lálẹ́ àná. Wọ́n ní igbá tí àbíkẹ́yìn ń họ ṣì wà níbi tó fi í sí, àwọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e, Pásítọ̀, ọjọ́ wo lẹ tún ń bọ̀? Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo kàlẹ́ńdà. Mo wò ó. Ìsìnkú kan àti ìgbéyàwó méjì ló wà ní Sátidé tí mo ní lọ́kàn, ọmọ akápò sì ni ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó náà. Mi ò tíì pè wọ́n padà.

Èmi ni tiyín,
Pásítọ̀ kan, Ògbómọ̀ṣọ́